Báwo ni mo ṣe lè fi kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ bébà gígé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Káàdì ìgbéyàwó ni mò ń ṣe ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, Inkscape, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, ni mo sì ń lò. Oníbàárà mi kan rí bébà gígé àwọn ará Ṣáínà, ó ní irú rẹ̀ lòun fẹ́, ṣùgbọ́n kí ọnà ilẹ̀ wa wà lára rẹ̀. Mo yà á títí, kò jọ ohun tí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé rárá. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú akitiyan, mà. Ẹni tó ń gé bébà, yíyọ ló ń yọ nǹkan kúrò, ẹ̀yin sì ń fi kún un. Ẹ kọ́kọ́ ya onígun mẹ́rin pupa kan, bébà yín nìyẹn. Ihò tí ẹ bá fẹ́, ẹ ya ìrísí rẹ̀ lé e lórí, ẹ yan méjèèjì, kí ẹ tẹ Difference lábẹ́ Path. Ojú ibẹ̀ á lu.

Èyí tó ṣòro jù ni pé gbogbo bébà tó ṣẹ́kù gbọ́dọ̀ di ara wọn mú. Bí ẹ bá gé ojú ènìyàn ní róbótó, tí ẹ fi ẹyinjú sáàárín, ẹyinjú yẹn á já bọ́ ni, àfi tí ẹ bá fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ so ó mọ́ ìpéǹpéjú. Àwọn tó ń gé páànù fún àdìrẹ ẹlẹ́kọ l'Abẹ́òkúta mọ̀ ọ́n dunjú. Láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ sọ àwòrán náà di fáìlì PNG, ẹ ṣí i nínú Krita, ètò ìkunwòrán, kí ẹ da àwọ̀ búlúù sí ojú kan péré lára bébà. Ibi tó bá ṣì pupa, ibẹ̀ ló máa já.

Wọ́n sábà máa ń ṣẹ́ bébà po kí wọ́n tó gé e, ní Ṣáínà àti lọ́dọ̀ àwọn ará Kurpie ní Poland. Ìdí nìyẹn tí ọ̀tún fi bá òsì mu. Ẹ gé ìdajì, ẹ tẹ Alt pẹ̀lú D kí clone rẹ̀ (ẹ̀dà tó ń tẹ̀lé ti àkọ́kọ́) jáde, ẹ tẹ H kó yíjú padà, kí ẹ sún un kan ti àkọ́kọ́. Ohun tí ẹ bá tún ṣe lára ti àkọ́kọ́ á hàn lára clone náà. Tó bá parí, ẹ lo Unlink Clone kí ẹ̀dà náà lè dá dúró, lẹ́yìn náà Union kí méjèèjì di ọ̀kan.

Àwọn ará Ṣáínà lè gé ilẹ̀, ìyẹn bébà tó yí ìlà ká, kúrò kí ìlà ṣẹ́kù, wọ́n sì lè gé ìlà kí ilẹ̀ ṣẹ́kù. Èkejì ni mo fara mọ́ fún káàdì kékeré, torí kì í tètè ya.

Ní ti ọnà ilẹ̀ wa, ẹ má wá a jìnnà. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tó kú ní 1938, ló gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, níbi tí ẹ wà yẹn. British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ló wà báyìí, àwòrán rẹ̀ sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi àwọn ènìyàn ara rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n yọ síta jù fún bébà. Ọnà wẹ́wẹ́ tó fi kún ẹ̀yìn wọn ni kí ẹ mú: ó fara kanra, kò ní jẹ́ kí nǹkan já.

Kó lè jọ bébà gidi, òjìji fẹ́ẹ́rẹ́, níhà kan ṣoṣo, ti tó. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ni wọ́n máa fi gé e ní tòótọ́, ẹ yọ òjìji náà kúrò pátápátá kí ẹ tó fi fáìlì ránṣẹ́, kí ẹ má sì jẹ́ kí ìlà kankan tín-ín-rín ju mìlímítà 1 lọ.