Wákàtí tí ẹ máa jáde ni kí ẹ bèèrè, kì í ṣe okùn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ fẹ́ mú Alsatian yín àti ajá ìbílẹ̀ kan rìn lọ sí odò Yemọjí ní Sátidé, kí wọ́n lè wẹ̀ nínú ooru yìí, ẹ wá ń bèèrè irú okùn tí ẹ máa rà. Okùn kọ́ ni ìṣòro.

Èmi náà ṣe é rí, ní oṣù kẹta ọdún 2019, Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Ajá méjì ni mo mú dání: Bíńgò, Alsatian onírun kíki, àti Ta-mọ̀-ọ̀la, ajá ìbílẹ̀ tí wọ́n fún mi láti oko. Aago mẹ́sàn-án ti kọjá ká tó jáde, torí mo ní kí n mu gààrí díẹ̀ ná. (Ìjẹ̀bú ni mí, ẹ má bínú.) Àlọ dára. Wọ́n wẹ̀, wọ́n gbọn omi sí àwọn tó ń fọṣọ lára, àwọn yẹn sì bú wa dáadáa. Àbọ̀ ló bàjẹ́. Oòrùn ti wà lágbárí, títì ọlọ́dà ń gbóná bí agbada àkàrà.

Ajá kì í làágùn bíi tiwa. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń làágùn díẹ̀. Ẹnu ló fi ń lé ooru jáde. Gbogbo abẹ́ igi tí a bá dé ni Ta-mọ̀-ọ̀la ń jókòó sí, mo sì ń fà á, mo ń pè é ní ọ̀lẹ. Bíńgò ò jókòó rárá, ó ṣáà ń tẹ̀ lé mi. Ahọ́n rẹ̀ gùn, ṣóńṣó rẹ̀ fẹ̀ bíi ṣíbí, ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Itọ́ rẹ̀ wá ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ́ mọ́ra bíi ti ọ̀mùtí, ló bá ṣubú.

Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Lọ́jọ́ yẹn, ajá gbọ́ fèrè o. Ọdẹ ni kò gbọ́.

Mo tún rẹ aṣọ sómi, mo fi bò ó mọ́lẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Dókítà ẹran bú mi: aṣọ yẹn ń dé ooru mọ́ ọn lára ni. Omi ni kí n máa dà sí abẹ́ ikùn rẹ̀ àti abẹ́ itan rẹ̀ léraléra, kí n máa fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀, níbi tó ṣubú sí gan-an, ká tó máa gbé e bọ̀. Ara ajá tó le koko kì í ju nǹkan bí 39 lọ ní ìwọ̀n Celsius. Ti Bíńgò ti kọjá 41. Kíndìnrín rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀. Kò rí ọjọ́ kẹta.

Nítorí náà, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni kí ẹ jáde, kí ẹ ti wọlé kó tó di mẹ́sàn-án. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ yó kí ẹ tó lọ. Bí ẹ bá fẹ́ gba títì, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ lé ọ̀dà, kí ẹ ka ení, èjì, títí dé èje. Bí ẹ ò bá lè fara da ooru rẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn náà á bó. Ẹ gbé omi tiwọn dání. Omi tó dúró lójú kan, ìtọ̀ eku lè wà níbẹ̀, àìsàn tó sì ń ti ibẹ̀ wá ń ran èèyàn. Bí ẹ bá délé, ẹ tú etí àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn wò fún eégbọn.

Okùn tí ẹ bèèrè? Kúkúrú tó lágbára ti tó, torí pàkúté àwọn ọdẹ nínú igbó.

Ta-mọ̀-ọ̀la ṣì wà. Bó bá jókòó sábẹ́ igi báyìí, èmi náà a wá ibì kan jókòó.