Bí a ṣe lè dá máòsì USB lẹ́kun kí ó má baà máa jí kọ̀ǹpútà tó ń sùn

Bí kọ̀ǹpútà Windows tí ẹ ti fi sí ipò oorun bá ń jí fúnra rẹ̀, máòsì USB ló sábà máa ń fà á, nítorí pé ó máa ń ní àṣẹ láti jí ẹ̀rọ, tó bẹ́ẹ̀ tí kí tábìlì mì díẹ̀ lásán fi lè tó.

Ó ṣe pàtàkì kí ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jí i gan-an kí ẹ tó yí ohunkóhun padà. Ẹ ṣí Command Prompt, ìyẹn fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, kí ẹ tẹ powercfg /lastwake, èyí tó sábà máa ń fi ohun tó jí ẹ̀rọ náà kẹ́yìn hàn. Powercfg /devicequery wake_armed yóò sì to orúkọ gbogbo ohun tó ní àṣẹ yìí.

Lẹ́yìn náà, nínú Device Manager, ìyẹn ibi tí Windows to àwọn ohun èlò kọ̀ǹpútà sí, ẹ wá máòsì náà lábẹ́ Mice and other pointing devices, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ lọ sí Power Management, kí ẹ sì yọ àmì kúrò níwájú Allow this device to wake the computer. Bí máòsì náà kò bá ní wáyà, ẹ yẹ abẹ́ Keyboards wò pẹ̀lú, nítorí pé ohun kékeré tí a ń kì bọ USB rẹ̀ lè forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ bíi kíbọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n ẹ fi kíbọ́ọ̀dù yín gan-an sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ lè máa fi jí ẹ̀rọ náà.