Ẹ wo wáyà ẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó ra bréènì bọ́ọ̀sì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì sanwó bréènì bọ́ọ̀sì (brain box) yẹn o, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì. Ẹ kọ́kọ́ wo wáyà ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn wáyà tó so nẹ́gétífù bátìrì mọ́ bọ́dì àti ẹ́ńjìnnì. Ohun tẹ́ ẹ ṣàlàyé yìí, pé mọ́tò á ṣàdédé rọ lójú títì, ẹ ó tẹ tọ́tù kanlẹ̀ kò ní sáré, iná ẹ́ńjìnnì á tàn, ti ABS, ìyẹn ti bíréèkì, náà á tàn, tẹ́ ẹ bá pa á tẹ́ ẹ tún sítáàtì á máa lọ bíi pé nǹkan kan ò ṣe é, ojú mi rí i fún oṣù mẹ́rin gbáko.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ ṣe mí, ìyá mi ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tírélà wà lẹ́yìn wa tó ń fọn fèrè kíkan kíkan, mo tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ títí ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n, mọ́tò ń wọ́ nílẹ̀ ni. Kóòdù àléébù tí wọ́n bá lórí ẹ̀ ni P2138, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé sẹ́ńsọ̀ méjì tó wà nídìí tọ́tù, tó ń sọ bí ẹsẹ̀ ṣe tẹ̀ ẹ́ tó, ohun tí wọ́n ń sọ fún kọ̀ǹpútà ò bára mu, tí kọ̀ǹpútà ò bá sì ti mọ èyí tó máa gbà gbọ́, á dín agbára ẹ́ńjìnnì kù. Ni mo bá ra tọ́tù tuntun. Ọjọ́ méjì péré. Wọ́n tún ní throttle body ni, ìyẹn ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, mo ra ìyẹn náà, pàbó.

Rẹwáyà àgbàlagbà kan, ẹni tó ń tún iná mọ́tò ṣe, ló gbà mí. Mítà tí wọ́n fi ń wọn iná lásán ló mú dání. Ó ní kí n sítáàtì ẹ́ńjìnnì, kí n tan iná iwájú, kí n ṣí ẹ́síì, ó wá fi ẹnu mítà kan kan nẹ́gétífù bátìrì, ó fi ìkejì kan ara ẹ́ńjìnnì. Ohun tí kò yẹ kó ju 0.2 fóòtì (volt) lọ, 1.3 ló ń gbé jáde. Ó tọ wáyà ẹ́ẹ̀tì lọ síbi tí wọ́n ti fi bóòtù dè é mọ́ bọ́dì, ó fọwọ́ tẹ rọ́bà ẹ̀, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé ń dà sílẹ̀, bàbà inú ẹ̀ ti jẹ tán, ó ku bí okùn tín-ín-rín mẹ́ta tó dì í mú. Ó gé e, ó fi sáńpépà ha ojú bọ́dì títí ó fi ń dán, ó dè é padà. Ó parí nìyẹn, títí dòní. Fóòtì 0 sí 5 làwọn sẹ́ńsọ̀ yẹn fi ń sọ̀rọ̀, tí ẹ́ẹ̀tì ò bá ti dáa, irọ́ ni wọ́n á máa pa, kì í sì í ṣe ẹ̀bi wọn.

Ohun tó ń bí mi nínú nìyí. Mọ́tò tí mo fi kọ́ mọ́tò, wáyà irin kan ló ti ìdí tọ́tù lọ bá ẹ́ńjìnnì, tó bá já ojú yín á rí i, ẹ ó so ó délé. Ti ìsinsìnyí, ẹsẹ̀ yín kàn ń bẹ kọ̀ǹpútà ni, òun ló máa pinnu bóyá ó máa gbà. Tó bá sì kọ̀, ibi tó ń dùn ún nìkan ló máa sọ, kò ní sọ ohun tó fà á, àwọn tó ń tún un ṣe á sì kàn máa pààrọ̀ ibi tó ń ké.

Ẹ wọn bátìrì náà, tó bá sùn mọ́jú, fóòtì 12.6 ló yẹ kó wà, tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, 13.5 sí 14.5. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wọn ẹ́ẹ̀tì bí mo ṣe sọ, kí gbogbo iná wà ní títàn o, torí tí iná tó ń gba inú ẹ̀ ò bá pọ̀, àléébù ẹ̀ ò ní hàn. Iye tẹ́ ẹ bá rí, ẹ jẹ́ n gbọ́.