Èsì: Ṣé ìpàdé àwọn obìnrin lè dín ikú ọmọ tuntun kù?

Màmá Ìbejì, ẹ ní ṣé ìpàdé lásán lè gba ẹ̀mí aláboyún àti ọmọ là. Ó lè gbà á là dáadáa mà! Ẹ wo Makwanpur, agbègbè kan lórílẹ̀-èdè Nepal, wọn ò kó dókítà lọ síbẹ̀, obìnrin àdúgbò ni wọ́n yàn tó ń pe àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ jọ lóṣooṣù, wọ́n á jókòó ti àwòrán, wọ́n á jọ sọ ohun tó ń pa wọ́n lọ́mọ, àwọn fúnra wọn ló sì ń wá ojútùú sí i. Àwọn kan dá owó pàjáwìrì jọ, àwọn míì ṣètò nǹkan tí wọ́n á máa fi gbé aláboyún, torí òkè ló pọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí èsì ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí ẹ̀ jáde ní 2004, nínú 1000 ọmọ tí wọ́n bí láàyè níbi tí ìpàdé wà, bíi 26 ló kú kí wọ́n tó pé oṣù kan, níbi tí ò sí ìpàdé, bíi 37. Ẹ̀mí ọmọ nìyẹn o!

Ní Bangladesh ṣá, kò kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, iye ẹgbẹ́ ìpàdé ti kéré jù fún èrò ibẹ̀, ìgbà tí wọ́n fi kún iye ẹgbẹ́ náà ló tó so èso. Torí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ládùúgbò yín, ẹ rí i pé àwọn aláboyún gan-an ló pọ̀ níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì tètè bá nọ́ọ̀sì hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà yín sọ̀rọ̀.