Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n: Oníṣẹ́ Iná Tó Wọ Aṣọ Nọ́ńbà 3

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ogún ọdún. Iṣẹ́ iná ló ń kọ́, ó ku oṣù mẹ́jọ kó gba fíríìdọ̀ọ̀mù. Ẹ̀yìn ló máa ń gbá nínú bọ́ọ̀lù àdúgbò, wọ́n sì ní ó mọ̀ ọ́n gbá dáadáa. Ó wá ní òun fẹ́ pa iṣẹ́ tì, pé òyìnbó kan wà tó jẹ́ oníṣẹ́ iná tẹ́lẹ̀ kó tó di gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù. Ṣé òótọ́ ni, àbí ó fẹ́ fi tàn mí ni? — Ìyá Aláṣọ, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Kò tàn yín. Stuart Pearce ló ń sọ, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn England tó máa ń wọ aṣọ nọ́ńbà 3. Àmọ́ ó bu ìtàn náà kù, ibi tó bù kù yẹn gan-an ló sì yẹ kẹ́ ẹ gbọ́.

Ọdún 1962 ni wọ́n bí Pearce ní London. Nígbà tí àwọn ojúgbà rẹ̀ ti ń gbowó ní ẹgbẹ́ ńláńlá, Wealdstone ni òun wà, ẹgbẹ́ kékeré kan tí kò sí nínú líìgì mẹ́rin tó ga jù ní England. Iṣẹ́ iná ló ń ṣe lójú mọmọ, ìrọ̀lẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Bí ọdún márùn-ún ló fi wà lẹ́nu ẹ̀. Ọdún 1983 ni Coventry City tó wá rà á, ó sì ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún nígbà náà. Torí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọjọ́ ti lọ lórí ọmọ yín.

Ní 1985, Brian Clough, akọ́nimọ̀ọ́gbá Nottingham Forest, mú un lọ sí ẹgbẹ́ náà. Ibí yìí lọmọ yín ti gé ìtàn náà. Pearce ti ń gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì tó ga jù lọ nílẹ̀ wọn, síbẹ̀ kò kó irinṣẹ́ rẹ̀ dànù. Ó polówó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sínú ìwé pélébé tí Forest máa ń tà fáwọn òǹwòran lọ́jọ́ ìdíje, pé ẹni tó bá níṣẹ́ iná nílé kó pe òun. Ọjọ́ Sátidé, wọ́n á wá wò ó lórí pápá. Tí wáyà ilé wọn bá jóná, òun náà ni wọ́n lè pè.

Èmi tí mò ń kọ èyí, iṣẹ́ iná ni mo kọ́ kí n tó di akọ̀ròyìn. Mo mọ bó ṣe rí kéèyàn fi òòlù àti ṣísẹ́ẹ̀lì gbẹ́ ògiri látàárọ̀ kí páìpù wáyà lè wọlé. Eruku sìmẹ́ńtì á kún imú, àtẹ́lẹwọ́ á máa ta, apá á wúwo débi pé àtigbé òkèlè dẹ́nu á di iṣẹ́. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tún wá wọ bàtà bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́, mi ò lè fojú kékeré wò ó láé.

Ẹ jẹ́ kó gba fíríìdọ̀ọ̀mù, ìyá wa. Oṣù mẹ́jọ ò jìnnà. Àmọ́ ẹ má gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹ̀, mo bẹ̀ yín. Ẹ bá mi bẹ ọ̀gá rẹ̀ kó máa tètè tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní ìdíje.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ wa ní Peckham. Ọ̀rẹ́ mi ní Stuart Pearce ló ṣi pẹnárítì gbá tí wọ́n fi lé England kúrò nínú ìdíje Euro 1996. Mo ní kì í ṣòun. Ta ló jàre? — Ọmọ Ìjẹ̀bú, London

ÌDÁHÙN: Ìwọ lo jàre, àbúrò. Gareth Southgate ni ti 1996. Ẹ̀yìn lòun náà ń gbá, òun ló sì padà di akọ́nimọ̀ọ́gbá England. Ti Ife Àgbáyé 1990 ni ti Pearce, ojú mi báyìí ló ṣe.

Ọmọ iṣẹ́ ni mí nígbà náà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún yẹn, England na Cameroon 3-2 ní Naples. Cameroon ló ń fi 2-1 borí títí ó fi ku bí ìṣẹ́jú méje, kí Gary Lineker tó gbá pẹnárítì méjì wọlé, ọ̀kan kí àsìkò tó pé, ọ̀kan nínú àfikún àsìkò. Orílẹ̀-èdè Áfíríkà kankan ò tíì dé ìpele yẹn, ìyẹn ìgbà tó ku ẹgbẹ́ mẹ́jọ, rí nínú Ife Àgbáyé. Kò sẹ́ni tó jẹun alẹ́ nílé ọ̀gá mi lọ́jọ́ náà.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí England kojú Jámánì ní Turin lọ́jọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹ̀yìn Jámánì ni gbogbo wa wà. 1-1 ni wọ́n gbá, ó di pẹnárítì. Pearce ló gbá ìkẹrin fún England. Ó fi gbogbo agbára gbá a sáàárín, ẹsẹ̀ Bodo Illgner, aṣọ́lé Jámánì, ló bá. Chris Waddle gbá tiẹ̀ kọjá sókè. A fò sókè, à ń jó, à ń lu abọ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n gbé ojú Pearce wá sórí tẹlifíṣọ̀n. Dúdú àti funfun ni tẹlifíṣọ̀n ọ̀gá mi, síbẹ̀ a rí i pé ọkùnrin líle yẹn ń sunkún. Ìyàwó ọ̀gá mi, tó ti ń bá wa jó bọ̀, ló kọ́kọ́ dúró. Ó ní, “Ọmọ ọlọ́mọ mà ni o.” Abọ́ tó wà lọ́wọ́ mi, mo rọra gbé e kalẹ̀.

Ọdún mẹ́fà kọjá. Ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà 1996, ní Wembley, England àti Spain gbá òmì, 0-0, pẹnárítì tún dé. Pearce ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Bó bá jókòó jẹ́ẹ́, ta ni ì bá bá a wí? Àmọ́ òun ló gbá ìkẹta. Ó gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, ó rìn sẹ́yìn, ó sáré wá, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ bà á, àwọ̀n mì. Ló bá kọjú sáwọn èrò, ó di ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì, ó ń bú ramúramù, iṣan ọrùn rẹ̀ le bí okùn ìfami. Omijé bọ́ lójú mi nínú pálọ̀ ara mi, èmi tí mo lu abọ́ nígbà tí tọ̀hún ò wọlé. England borí 4-2. Lọ́jọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó tún gbá ti Jámánì wọlé, kó tó kan Southgate.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ Pearce ní Psycho, bí ẹni ń pe èèyàn ní wèrè, torí bó ṣe máa ń ya bo èèyàn. Inú mi ò dùn sórúkọ náà. Ẹni tó bá rí ojú rẹ̀ ní Turin á mọ̀ pé ọkùnrin náà mọ ẹ̀rù, ó sì mọ ibi tí ẹ̀rù ń gbé.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé lóòótọ́ ni San Marino, orílẹ̀-èdè kékeré yẹn, fi àṣìṣe Pearce gbá góòlù sílé England? — Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Iléṣà

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni, sà. Oṣù Kọkànlá 1993, ní Bologna. Òun ni balógun lọ́jọ́ náà. Bọ́ọ̀lù tó dá padà fún aṣọ́lé rẹ̀ rọ̀ jù, Davide Gualtieri já a gbà, ìdíje ò tíì tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. England padà borí 7-1, síbẹ̀ wọn ò rí Ife Àgbáyé 1994 lọ, èyí tí Super Eagles tiwa kọ́kọ́ lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, góòlù mélòó ni ẹni tó ń gbá ẹ̀yìn lè gbá? Mo gbọ́ pé ti Pearce pọ̀. — Akẹ́kọ̀ọ́, Adó-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Ó pọ̀. Ọdún 12 ló lò ní Forest, pẹnárítì àti fíríkíìkì sì wà lára ohun tó mú kí iye rẹ̀ ga. Fíríkíìkì ló fi gbá góòlù sílé Tottenham ní àṣekágbá FA Cup 1991, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Tottenham ló gba ife náà, 2-1. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún England nígbà 78, góòlù márùn-ún.

Lẹ́yìn Forest, ó lọ sí Newcastle, ó lọ sí West Ham, ó wá parí sí Manchester City, níbi tó ti jẹ́ balógun fún Kevin Keegan, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, tí wọ́n fi gba líìgì kejì ní 2002, tí wọ́n sì padà sí líìgì tó ga jù. Portsmouth ni wọ́n bá gbá kẹ́yìn. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kó pé ogójì ọdún, góòlù 99 ló sì ní. City ti ń borí, ìdíje ń parí lọ, wọ́n bá rí pẹnárítì. Wọ́n fi í sílẹ̀ fún un, kó lè pé ọgọ́rùn-ún.

Ó gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, ó rìn sẹ́yìn, ó sáré wá. Kò wọlé. 99 náà ló fi kúrò lórí pápá.