Báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe lè ṣàlàyé ọ̀ṣọ́ ara akọ ẹranko?

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ béèrè pé: nígbà tí ẹfolúṣọ̀n, ìyẹn bí ẹ̀dá ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran, ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, kí ni kọ̀ǹpútà lè rí níbẹ̀?

Ó lè rí púpọ̀. Ẹ wo akọ alángbá lára ògiri ilé yín: orí rẹ̀ pọ́n yòò, ó ń mì ín lemọ́lemọ́, abo kò ní àwọ̀ yẹn. Nínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà kan á dúró fún bí àwọ̀ akọ ṣe tàn tó, òmíràn fún bí abo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó. Àwọ̀ tó bá tàn jù, àṣá tètè ń rí i. Ìyẹn náà gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò. Ọmọ á jogún nọ́ńbà méjèèjì, pẹ̀lú àyípadà kékeré. Ẹgbẹ̀rún ìran lè kọjá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé àbùdá méjèèjì ń rìn pọ̀, torí abo tó fẹ́ àwọ̀ títàn ló ń bímọ fún akọ tó tàn. Wọ́n á wá máa ti ara wọn síwájú. Onímọ̀ ìṣirò àti àbùdá, R. A. Fisher, ṣàlàyé èyí ní 1930. Onímọ̀ nípa ẹfolúṣọ̀n, Russell Lande, fi ìṣirò gbè é lẹ́sẹ̀ ní 1981. Ẹ má ṣe ìṣirò kọ̀ǹpútà yìí lẹ́ẹ̀kan péré o, torí èèṣì wà níbẹ̀.

Ẹranko gidi ló sì ń jẹ́rìí. Ní Kẹ́ńyà, onímọ̀ nípa ẹranko, Malte Andersson, gé ìrù àwọn akọ ẹyẹ kan kúrú, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ ti àwọn mìíràn gùn. Ní 1982 ó ròyìn pé ọ̀dọ̀ àwọn onírù gígùn ni abo pọ̀ sí jù.