Níbo ni kí n dúró ya bàálù ní Heathrow?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Peckham ní London ni mo ń gbé. Mo ra kámẹ́rà Canon kan tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀, jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní APS-C, lẹ́ǹsì mìlímítà 70–300 ló wà lára rẹ̀. Ní Sátidé tó kọjá, mo wọ ọkọ̀ ojú irin Piccadilly lọ sí Hatton Cross lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ òfuurufú Heathrow, mo sì dúró sórí koríko Myrtle Avenue tí gbogbo èèyàn ń ròyìn, láti aago 11 àárọ̀ títí di aago 2 ọ̀sán. Bàálù kan ṣoṣo kò gba orí mi kọjá. Ọ̀ọ́kán ni gbogbo wọn ń gbà. Àwọn tí mo rí yà dúdú, wọ́n sì ń mì bí ohun tó wà lábẹ́ omi. Ibo gan-an ni kí n dúró? Ṣé ọlọ́pàá ò ní mú mi? Tí mo bá sì lọ sílé ní Kérésì, ṣé mo lè yà wọ́n n'Íkẹjà?

Ìdáhùn: Ibi tí ẹ dúró dára. Ká ní ẹ ní sùúrù di aago 3 ni, orí yín ni wọn ì bá máa gbà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ẹni tó bá mọ ìdí rẹ̀ kò ní nílò kí ẹnikẹ́ni máa júwe ibi ìdúró fún un mọ́, ní pápákọ̀ òfuurufú èyíkéyìí.

Heathrow ní rọ́ńwè méjì, ìyẹn ojú ọ̀dà gbọọrọ tí bàálù ń sáré lé. Méjèèjì nà láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, èyí tó wà ní àríwá gùn ní mítà 3,902, ti gúúsù jẹ́ mítà 3,658, àárín wọn sì lé ní mítà 1,400. Bí bàálù bá ń balẹ̀ tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, 27R là ń pe ti àríwá, 27L là ń pe ti gúúsù. Bó bá kọjú sí ìlà-oòrùn, ti àríwá di 09L, ti gúúsù di 09R. 27 dúró fún 270 orí kọ́ńpáàsì, 09 dúró fún 90. L ni ọwọ́ òsì awakọ̀, R ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ló ń sọ apá ibi tí wọn yóò kọjú sí. Bàálù sábà máa ń dojú kọ afẹ́fẹ́ nígbà tó bá ń gbéra àti nígbà tó bá ń balẹ̀, kí ìyẹ́ lè gbé e dúró láìjẹ́ pé ó ń sáré àsápajúdé lórí ilẹ̀. Ní London, ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti sábà máa ń wá. Nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 àkókò ni wọ́n fi ń kọjú síbẹ̀. Kódà bí afẹ́fẹ́ bá ń ti bàálù lẹ́yìn díẹ̀, tí kò ju nọ́ọ̀tì 5 (nǹkan bíi kìlómítà 9 ní wákàtí kan) lọ, ìwọ̀-oòrùn náà ni wọn yóò ṣì máa lò.

Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, rọ́ńwè kan ni fún bíbalẹ̀, èkejì ni fún gbígbéra, wọ́n sì máa ń pààrọ̀ wọn ní aago 3 ọ̀sán kí àwọn ará àdúgbò lè rí ìsinmi lọ́wọ́ ariwo. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá ń balẹ̀ sórí 27L láàárọ̀, 27R ni yóò gba ọ̀sán; lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n á yí i padà. Apá ẹnu 27L ni Myrtle Avenue wà, nítorí náà pẹ̀lú ohun tí ẹ kọ, ó hàn pé ọ̀sẹ̀ tí 27R ń gba àárọ̀ lẹ bọ́ sí. Àwọn tó ń balẹ̀ ń gba òkè Cranford lọ ní àríwá, àwọn tó ń gbéra lórí 27L sì ń kọ ẹ̀yìn sí yín. Ẹ ti máa gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì wọn láìrí ojú wọn. Heathrow máa ń gbé àtẹ ìpààrọ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan síta lórí ìkànnì rẹ̀. Ẹ wò ó kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bí bàálù tó ń dúró lójú ọ̀run bá pọ̀ jù, wọ́n lè gba díẹ̀ sórí rọ́ńwè kejì, nítorí náà kí ẹnu má yà yín bí ẹyọ kan bá ṣèèṣì gba ibòmíràn.

Ní àṣálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ wo ìròyìn ojú ọjọ́ àwọn awakọ̀ òfuurufú tí wọ́n ń pè ní METAR (bí ojú ọjọ́ ṣe rí báyìí) àti TAF (àsọtẹ́lẹ̀ bí yóò ṣe rí). EGLL ni àmì Heathrow. Bí ẹ bá rí 24012KT, afẹ́fẹ́ ń bọ̀ láti 240, ìyẹn àárín gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn, nọ́ọ̀tì 12 ni agbára rẹ̀. Hatton Cross ni kí ẹ forí lé. Bí ẹ bá rí 07010KT, ìlà-oòrùn ló ti ń fẹ́, ẹ má lọ síbẹ̀ rárá. Àwọn tó ń balẹ̀ yóò gba òkè Windsor wá, 09L ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn yóò sì lò látàárọ̀ dalẹ́, torí kò sí ìpààrọ̀ aago 3 lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Apá Colnbrook àti Poyle ní ìwọ̀-oòrùn ló kàn yín nígbà náà.

Oòrùn ló kàn. Gúúsù ni oòrùn London máa ń wà lọ́sàn-án. Ní oṣù Kejìlá, kì í ga ju ìwọ̀n (dígíìrì) 17 lọ. Ní oṣù Kẹfà, ó máa ń tó 62. Ẹni tó bá dúró ní gúúsù bàálù ni oòrùn yóò wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó bá dúró ní àríwá yóò máa ya òjìji. Ìdí nìyí tí Bath Road, tó nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́ńwè àríwá, fi ń já ọ̀pọ̀ èèyàn kulẹ̀: bàálù sún mọ́ ọ dáadáa níbẹ̀, ṣùgbọ́n oòrùn wà níwájú ẹ. Àsìkò kan ṣoṣo wà tí mo fẹ́ràn ibẹ̀. Ní nǹkan bí ìparí oṣù Karùn-ún sí àárín oṣù Keje, oòrùn máa ń yọ láti apá àríwá ìlà-oòrùn, á sì wọ̀ sí apá àríwá ìwọ̀-oòrùn. Kí aago 8 àárọ̀ tó lù àti lẹ́yìn aago 6 ìrọ̀lẹ́, ìmọ́lẹ̀ á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àríwá bàálù. Ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ yẹn pọ́n bí epo, ó sì tó ohun tí èèyàn ń torí ẹ̀ jáde nílé.

Bí ẹ bá fẹ́ fúnra yín wá ibi tuntun, ẹ ṣí àwòrán ilẹ̀ lórí fóònù, kí ẹ fa ìlà tó tọ́ láti ẹnu rọ́ńwè jáde sí kìlómítà 2. Bàálù máa ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìwọ̀n 3, ìyẹn mítà 52 nínú kìlómítà kọ̀ọ̀kan, ó sì máa ń kọjá ẹnu rọ́ńwè ní nǹkan bíi mítà 15 sókè. Tí ẹ bá wà ní kìlómítà 1 sí ẹnu rọ́ńwè, yóò gba mítà 67 sókè. Ní kìlómítà 2, mítà 120. Ẹ má dúró sábẹ́ ìlà yẹn gan-an, ikùn bàálù nìkan lẹ máa rí. Ẹ yà sí gúúsù rẹ̀ ní mítà 200 sí 300, kí ẹ wá ilẹ̀ tí gbogbo èèyàn láṣẹ láti tẹ̀: pápá ìṣeré, ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ààyè ìgbọ́kọ̀sí tí wọ́n ń san owó fún. Ẹ fi Street View wò ó bóyá igi tàbí òpó iná dí i. Ní Cranford, Waye Avenue ni ọ̀pọ̀ ń lọ fún 27R.

Lẹ́ǹsì yín ńkọ́? Ẹ sọ jíjìn bàálù ní mítà di ìlọ́po 22 (ìbú sẹ́ńsọ̀ APS-C yín ní mìlímítà), kí ẹ pín in fún gígùn bàálù náà. Mìlímítà tí yóò kún àwòrán yín láti etí dé etí nìyẹn. Ẹ wá dín díẹ̀ kù kí imú àti ìrù má bàa gé. Airbus A320 gùn ní mítà 37.6. Ní mítà 210, yóò gba nǹkan bí 120, ẹ lo 105. Boeing 777-300ER jẹ́ mítà 73.9. Níbi kan náà, 62 ló ń fẹ́, 70 yín ti pọ̀ jù fún un! Nítorí náà, fún àwọn ńláńlá bíi 777 àti A380, ẹ sún sẹ́yìn sí mítà 300, ẹ ó sì lè lo 80. Àwọn tí ẹ yà lọ́jọ́ Sátidé ju mítà 1,400 lọ sí yín. Kódà bí ẹ bá na lẹ́ǹsì dé 300, A320 kò ní gbà ju ìdá kan nínú mẹ́ta àwòrán lọ.

Jíjìn yẹn náà ló mú kí wọ́n máa mì. Ọ̀dà, òrùlé àti ọkọ̀ tó gbóná ń rán ooru sókè, ooru yẹn sì ń tẹ ìmọ́lẹ̀ síbí sọ́hùn-ún kó tó dé lẹ́ǹsì. Kò sí lẹ́ǹsì olówó iyebíye tó lè tún un ṣe, kò sì sí kọ̀ǹpútà tó lè yọ ọ́ kúrò. Ẹ sún mọ́ ọn, tàbí kí ẹ lọ kí ilẹ̀ tó gbóná, tàbí lẹ́yìn òjò. Òtútù pàápàá kì í fìgbà gbogbo gbani: ní ọjọ́ òtútù tí oòrùn ràn, ọ̀dà ṣì máa ń rán ooru sókè. Fún ohun tó bá ti ju mítà 600 lọ lẹ́yìn aago 11 àárọ̀ nígbà ooru, ẹ gbé kámẹ́rà sílẹ̀.

Dúdú tó dú, kámẹ́rà ló ṣe é. Ojú ọ̀run tó mọ́lẹ̀ ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú àwòrán, kámẹ́rà rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ó dín in kù, bàálù wá san gbèsè rẹ̀. Bí ìkùukùu funfun bá bo ojú ọ̀run, ẹ fi ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ sí +0.7 títí dé +1.3. Bí ojú ọ̀run bá jẹ́ búlúù tí oòrùn wà lẹ́yìn yín, ẹ fi sí 0 tàbí +0.3, kí ara funfun bàálù má bàa bó tí lẹ́tà ara rẹ̀ yóò fi pòórá. Ẹ yà á ní RAW (fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe) kí ẹ lè rí nǹkan tún ṣe nílé. Ìyára ṣọ́tà kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ju 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá lọ fún bàálù jẹ́ẹ̀tì tí kò ní abẹ́bẹ̀ níwájú, ihò lẹ́ǹsì f/8 dára, kí ISO (bí sẹ́ńsọ̀ ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó) má ju 400 lọ bí oòrùn bá wà. Fún èyí tí abẹ́bẹ̀ ń yí níwájú rẹ̀, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sí 1/250. Bí ó bá yára jù bẹ́ẹ̀, abẹ́bẹ̀ yóò dúró gbagidi bí ẹni pé ẹ́ńjìnnì ti kú. AI Servo tàbí Servo ni Canon ń pe ìṣètò tó ń tẹ̀lé ohun tó ń rìn. Ẹ tan án, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì dé ìdajì nígbà tí bàálù ṣì jìnnà, kí ẹ sì máa fi ìbàdí yí tẹ̀lé e.

Bí ọgbà wáyà bá wà láàárín, ẹ yọ ìbòrí ẹnu lẹ́ǹsì, ẹ gbé ojú lẹ́ǹsì sún mọ́ ihò wáyà bó ti lè ṣeé ṣe, kí ẹ sì ṣí i sí f/4 tàbí f/5.6. Wáyà yóò yọ́ dànù nínú àwòrán. Ẹ má fara ti ọgbà náà, ẹ má gbé àkàbà tì í, ẹ má dúró dí ẹnu géètì tí ọkọ̀ pánápaná ń gbà.

Ní ti ọlọ́pàá, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti ya bàálù láti ojú ọ̀nà gbogbo gbòò ní Bìrìtéènì. Wọ́n lè béèrè ohun tí ẹ ń ṣe. Ẹ dá wọn lóhùn pẹ̀lẹ́, ẹ fi àwòrán hàn wọ́n. Abala 43 òfin ìgbógun ti ìpániláyà ọdún 2000 fún wọn láṣẹ láti yẹ ẹni tí wọ́n bá fura sí lọ́nà tó bọ́gbọ́n mu wò, ṣùgbọ́n òfin náà kò fún wọn láṣẹ láti pa àwòrán yín rẹ́. Drone ni kí ẹ má gbìyànjú rárá. Ẹ má sì gbàgbé pé ilé onílé ló yí Myrtle Avenue ká: ẹ má gbọ́kọ̀ dí ẹnu ọ̀nà wọn, ẹ kó ìdọ̀tí yín padà. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ti ní ìṣòro tó. Lẹ́yìn tí bàálù ńlá bá kọjá, ẹ tẹ́tí sílẹ̀, ẹ lè gbọ́ ìró bí ìgbà tí wọ́n ń ya aṣọ; ìjì tí ìyẹ́ rẹ̀ fi sílẹ̀ ni, irú rẹ̀ sì lè ṣí táìlì orí òrùlé.

Ìkẹjà yàtọ̀. Ẹ má gbé kámẹ́rà sí ẹ̀bá ọgbà pápákọ̀ Múrítàlá Mùhámmẹ̀dù láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ FAAN, àjọ tó ń bójú tó àwọn pápákọ̀ òfuurufú Nàìjíríà. Ẹ kọ lẹ́tà yín láti London, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, kí ẹ sì mú ẹ̀dà ìwé àṣẹ náà dání. Àríwá sí gúúsù ni rọ́ńwè méjèèjì nà níbẹ̀, 18 àti 36, nítorí náà ìlà-oòrùn wọn ni ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ti dára, ìwọ̀-oòrùn wọn sì ni ti ìrọ̀lẹ́. Oòrùn ọ̀sán ti ga jù, ikùn bàálù á ṣú. Ní Kérésì, ọyẹ́ tún wà pẹ̀lú eruku rẹ̀, á jẹ́ kí ohun tó bá jìn ju mítà 400 lọ rí bàìbàì. Ẹ lọ sí ibi tó sún mọ́ jù lọ tí ìwé àṣẹ bá gbà yín láyè, kí ẹ sì mú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aṣọ tí wọ́n fi ń nu lẹ́ǹsì dání. Ẹ fẹ́ eruku kúrò kí ẹ tó nù ún, torí iyanrìn ọyẹ́ máa ń ha gíláàsì.